Síìdì Ta Ni? Àríwísí Lórí Iyàn Ẹ̀rọ Géèmù

Ewì, ìtàn àròsọ àti eré-oníṣe la sábà máa ń ṣe àríwísí lé lórí nínú ìwé wa yìí. Lọ́tẹ̀ yìí, iyàn ni mo gbé wá. Kì í ṣe iyàn àwọn olóṣèlú o. Iyàn àwọn ọmọ géèmù ni, èyí tó máa ń bẹ́ sílẹ̀ nígbàkigbà tí Sony, Microsoft tàbí Nintendo bá ti ní àwọn fẹ́ gbé ẹ̀rọ tuntun jáde.

Ẹnì kan á ní, kí ló kan lámèyítọ́ nínú ìyẹn? Ó kàn án dáadáa. Gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ wa pé ká máa wá nínú lítíréṣọ̀ alohùn ló wà níbẹ̀. Ó ní oríkì: ẹni tó fẹ́ràn PlayStation kì í dárúkọ rẹ̀ lásán, á ní "baba wọn". Ó ní èébú: Xbox, wọ́n ní kọ̀ǹpútà tó para dà ni, Nintendo, wọ́n ní ohun ìṣeré ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ni. Ó ní àsọdùn, tí ẹnì kan á búra pé òun rí òógùn lójú agbábọ́ọ̀lù inú géèmù, pé òógùn náà ń kán sílẹ̀. Ó ní òṣèré, ó ní òǹwòran, àwọn òǹwòran a sì máa gbè lẹ́yìn ẹni tí ẹnu rẹ̀ dùn jù, kì í ṣe ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jóòótọ́ jù. Bí a bá lè ṣe àríwísí ẹ̀fẹ̀ àti ìjálá, ẹ jẹ́ ká ṣe ti èyí náà.

Ohun tí mo rí sí i rèé, kí n má fi falẹ̀: iyàn náà dùn létí, ṣùgbọ́n ibi tí kò ṣe pàtàkì ló máa ń gbájú mọ́. Wọ́n á fi wákàtí mẹ́ta jiyàn lórí èwo ló lágbára jù, wọn ò ní fi ìṣẹ́jú mẹ́ta béèrè pé, síìdì tí mo fowó mi rà yìí, ṣé tèmi ni? Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tí iyàn náà kan ìbéèrè yẹn gan-an, ìyẹn ní oṣù kẹfà ọdún 2013. N óò débẹ̀.

Ọ̀rọ̀ agbára làwọn ọmọ géèmù fúnra wọn ti máa ń bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ káwa náà bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Nígbà kan, "bit" ni wọ́n fi ń yangàn. Ẹ̀rọ tó ní bit 16 á máa fojú di èyí tó ní 8. Lọ́dún 1993, Atari gbé Jaguar jáde, wọ́n ní bit 64 ni tàwọn, ìpolówó ọjà rẹ̀ sì ń sọ fáwọn èèyàn pé kí wọ́n ṣírò ó wò. Àwọn èèyàn ṣírò ó lóòótọ́. Wọ́n wo iye géèmù tó wà fún un, wọ́n sì kọjá lọ. Jaguar ni ẹ̀rọ ilé tó kẹ́yìn tí Atari ìgbà yẹn ṣe.

Nígbà tó yá, ó di ọ̀rọ̀ megahertz. PS2, tó jáde ní Japan lóṣù kẹta ọdún 2000, ní nǹkan bíi 294. Xbox àkọ́kọ́, tó jáde ní Amẹ́ríkà lóṣù kọkànlá ọdún 2001, ní 733. (Ọpọlọ inú ẹ̀rọ méjèèjì kì í ṣe irú kan náà, a ò tiẹ̀ lè fi nọ́ńbà yẹn wé ara wọn tààrà, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́ ìyẹn lójú iyàn?) Xbox ló lágbára jù, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n PS2 tí wọ́n tà kárí ayé lé ní mílíọ̀nù 155, Xbox ò sì ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 24 lọ.

Ti ọdún 2006 tún pani lẹ́rìn-ín jù. Xbox 360 ti wà lórí àtẹ láti oṣù kọkànlá ọdún 2005. PS3 dé Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 17 oṣù kọkànlá ọdún 2006, dọ́là 499 lèyí tó kéré, 599 lèyí tó ga. Ní ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, ìyẹn ọjọ́ 19, Nintendo gbé Wii tiẹ̀ jáde ní dọ́là 250. Wii yìí ò lágbára rárá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn méjì yòókù, àwòrán rẹ̀ ò tiẹ̀ dé ìpele HD tí gbogbo ayé ń pariwo nígbà yẹn. Àwọn oníyàn fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀ tán. Àmọ́ páàdì rẹ̀, o kàn máa jù ú bí ẹni ń gbá bọ́ọ̀lù orí pápá tẹníìsì ni, ìyá àgbà tí kò di páàdì mú rí lè bá ọmọ-ọmọ rẹ̀ gbá a. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, Wii ti tà ju mílíọ̀nù 101 lọ, àwọn alágbára méjèèjì wà ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 87 àti 84.

Ní 2020, teraflop ló tún kàn. Xbox Series X ní 12, PS5 ní 10.28. Mo gbọ́ kí àwọn tí kò lè ṣàlàyé ohun tí teraflop jẹ́ máa fi í bú ara wọn. PS5 tún ni ọjà tẹ̀ lé. Microsoft, láti ọdún 2015 ló ti dẹ́kun àtimáa kéde iye ẹ̀rọ tó ń tà, èyí fúnra rẹ̀ sì jẹ́ èsì.

Mi ò sọ pé agbára ò wúlò o. Bí géèmù bá ń fà bíi kẹ̀kẹ́ tí ṣéènì rẹ̀ já, ta ló fẹ́ gbá a? Ohun tí mo ń wí ni pé ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rí yìí jiyàn, tí ẹ̀rí náà ò sì mọ ẹni tí yóò borí. Nínú ilé ẹjọ́, wọn ò ní pe irú ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Owó sàn ju ìyẹn lọ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Níbi ìpàtẹ E3 àkọ́kọ́ ní Los Angeles, oṣù karùn-ún ọdún 1995, Sega kéde pé Saturn ti wà lórí àtẹ lọ́jọ́ náà gan-an, dọ́là 399. Nígbà tó kan Sony láti sọ̀rọ̀, Steve Race gun orí pèpéle, ó ní "299", ó sì sọ̀ kalẹ̀. Èmi tí mo máa ń rojọ́ pé ewì àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa gùn jù, mi ò tíì rí ọ̀rọ̀ tó kúrú jùyẹn tó sì ṣiṣẹ́ jùyẹn lọ. Ṣùgbọ́n owó pàápàá kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Dọ́là 199 ni GameCube jáde ní 2001 nígbà tí àwọn méjì yòókù wà ní 299, kò tó mílíọ̀nù 22 tó tà láyé rẹ̀.

Nílẹ̀ wa níbí ńkọ́? PS2 ló gba ìgboro, kò sì sẹ́ni tó ń ka megahertz kankan. Ní àdúgbò tí mo dàgbà sí, ilé géèmù ni mo ti mọ̀ ọ́n: yàrá kan, tẹlifíṣọ̀n méjì tàbí mẹ́ta, PS tòkúnbọ̀ lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn bẹ́ǹṣì, àti jẹnẹrétọ̀ kékeré yẹn, "I better pass my neighbour", tó ń ké lẹ́yìn fèrèsé. Winning Eleven ti Konami là ń gbá. O sanwó bọ́ọ̀lù kan, wọ́n nà ọ́, o dìde, ẹlòmíì jókòó. Àwọn tó dáńgájíá máa ń mú mẹ́mọ́rì káàdì tiwọn wá láti ilé, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n ti ń tọ́ láti oṣù mélòó kan wà nínú rẹ̀. PS2 ń gba síìdì PS1, ó sì ń fi DVD han èèyàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fíìmù Yorùbá wa tó jẹ́ VCD nígbà náà kì í ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ (ọ̀pọ̀ ìyá ló bá ọmọ jà lórí èyí).

Ẹ wò ó dáadáa, síìdì kan ni ṣọ́ọ̀bù náà dúró lé. Síìdì kan ṣoṣo, ọgọ́rùn-ún ọmọ ló ń gbá a lọ́sẹ̀ kan. Bó bá sú ọ̀gá tó ni ilé géèmù, á fi pààrọ̀ òmíràn lọ́wọ́ ọ̀gá mìíràn ní òpópónà kejì. Ká sọ òótọ́, púpọ̀ nínú àwọn síìdì náà, ẹ̀dà ni, wọ́n ti tú PS náà, wọ́n fi nǹkan sí i nínú kó lè máa gbà wọ́n. Konami ò rí kọ́bọ̀ kan níbẹ̀, mi ò sì ní gbèjà ìyẹn. Ṣùgbọ́n ojúlówó náà wà, ojúlówó náà ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí ìkejì, ìyẹn kì í ṣe olè jíjà. Ohun tó bá jẹ́ tèèyàn, ó lè yá ọ̀rẹ́, ó lè tà á, ó lè fi tọrẹ. Látorí àṣà yìí ni gbogbo ìran wa fi mọ géèmù. Ọmọ tí òbí rẹ̀ ò lè ra PS láéláé, ó mọ Winning Eleven ju ọmọ olówó lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ọdún 2013 tí mo ṣèlérí.

Ní ọjọ́ 21 oṣù karùn-ún, Microsoft fi Xbox One han ayé, ọ̀rọ̀ tẹlifíṣọ̀n ló pọ̀ jù nínú ètò ọjọ́ náà. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹfà, wọ́n wá kọ òfin rẹ̀ jáde. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ kàn sí ilé-iṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láàárín wákàtí 24. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, géèmù ò ní ṣí, bí o tilẹ̀ fowó rẹ ra síìdì rẹ̀. Bí o bá fẹ́ fún ọ̀rẹ́ rẹ ní géèmù tí o ti gbá tán, ọ̀rẹ́ náà gbọ́dọ̀ ti wà nínú àkọsílẹ̀ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ lórí Xbox fún ọjọ́ 30, ẹ̀ẹ̀kan péré sì ni wọ́n lè fi géèmù náà tọrẹ. Ti pé kó tún di tòkúnbọ̀ lọ́jà, àwọn tó ṣe géèmù ni yóò sọ bóyá wọ́n gbà tàbí wọn ò gbà.

Ẹ̀yin ọmọ ẹ̀ka èdè, ẹ wo ohun tí òfin yìí ṣe sí ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo: "rà". Bí ìyá mi bá ra ìkòkò, ó ti rà á nìyẹn. Ó lè yá ìyàwó aládùúgbò lọ́jọ́ ìkómọ, amọ̀kòkò ò ní wá béèrè pé ọjọ́ mélòó ni ẹ̀yin méjèèjì ti jọ ń ṣọ̀rẹ́. Bí ìyá mi ò bá sì lọ kí amọ̀kòkò fún ọjọ́ méjì, ìkòkò ò ní kọ̀ láti se ọbẹ̀. Ohun tí Microsoft ń tà kì í ṣe ohun tí à ń pè ní "rà". Ó sún mọ́ kí wọ́n gbà ọ́ láyè.

Nígbà tí wọ́n bi Don Mattrick, tó jẹ́ ọ̀gá Xbox nígbà náà, pé àwọn tí íntánẹ́ẹ̀tì ò dé ọ̀dọ̀ wọn ńkọ́, èsì rẹ̀ ni pé àwọn ní ẹ̀rọ kan fún irú wọn, Xbox 360 lorúkọ rẹ̀. Ìyẹn ni pé, ẹ jókòó sídìí ti àná. Orílẹ̀-èdè 21 ni wọ́n kọ sílẹ̀ pé Xbox One yóò kọ́kọ́ dé. Brazil wà níbẹ̀, Rọ́ṣíà wà níbẹ̀. Japan pàápàá ò sí. Nílẹ̀ Áfíríkà, kò sí ẹyọ kan. Ẹ̀rọ tó fẹ́ kó o máa jẹ́ ìpè lórí íntánẹ́ẹ̀tì lójoojúmọ́, tí iṣẹ́ rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ò sì dé ilẹ̀ rẹ, kí lo fẹ́ fi ṣe? Àwa tí iná mànàmáná ń já wa jù sílẹ̀, tí à ń ka dátà bí ẹni ń ka owó oúnjẹ, wọ́n ti yọ wá kúrò kí iyàn tó bẹ̀rẹ̀.

Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹfà, wọ́n pàdé ní E3. Láàárọ̀, Microsoft dárúkọ owó tiẹ̀, dọ́là 499, pẹ̀lú kámẹ́rà Kinect nínú rẹ̀. Lálẹ́, Jack Tretton ti Sony dìde, ó ní PS4 ò ní dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ lórí síìdì tòkúnbọ̀, ẹ lè tà á, ẹ lè yá ọ̀rẹ́, ẹ lè tọ́jú rẹ̀ títí ayé, kò sì ní máa béèrè íntánẹ́ẹ̀tì kó tó gbà kẹ́ ẹ gbá a. Ariwo ta nínú gbọ̀ngàn náà. Ẹ ò rí nǹkan! Wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó ní òun ò ní gba ohun tó ti jẹ́ tiwọn tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, Andrew House dárúkọ owó PS4: 399.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọnà ọjọ́ náà gan-an, ìyẹn èyí tí mo fẹ́ kí ẹ wò bí ẹ ṣe ń wo ewì, ni fídíò kékeré kan tí Sony gbé jáde, tí kò ju nǹkan bíi ìṣẹ́jú àáyá 20 lọ. Wọ́n pè é ní ìlànà bí èèyàn ṣe lè yá ẹlòmíràn ní géèmù lórí PS4. Shuhei Yoshida àti Adam Boyes, ọ̀gá méjì ní Sony, ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní rèé. Ọ̀kan na páálí géèmù sí èkejì. Èkejì gbà á, ó dúpẹ́. Ó tán.

Ohun tó mú kó dára ni ẹ̀dà-ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Àkọlé rẹ̀ múra bí ìwé ìlànà ìjọba, o sì ń retí ìgbésẹ̀ kejì, ìkẹta, ìkẹwàá, bí òfin àwọn ará ibòmíràn. Ìgbésẹ̀ kejì ò sí. Wọn ò dárúkọ Microsoft lẹ́ẹ̀kan. Kò sí èébú, kò sí nọ́ńbà kankan, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ agbára. Ọwọ́ kan nà, ọwọ́ kejì gbà. Ohun tí à ń ṣe nílé géèmù láti ọjọ́ yìí wá, láìronú nípa rẹ̀, ni wọ́n sọ di àwòrán. Fún ẹ̀ẹ̀kan, àwọn oníyàn dákẹ́ ọ̀rọ̀ teraflop (PS4 ló tilẹ̀ pọ̀ jù, 1.84 sí 1.31), wọ́n ń béèrè pé ta ló ni síìdì. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹfà, kò tó ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn E3, Microsoft kó gbogbo òfin náà sẹ́yìn. Iyàn lásán ló ṣe é. Ẹ̀rọ náà ò tíì dé ọjà rárá, oṣù kọkànlá ló jáde. Ẹni tó bá ní iyàn ọmọ géèmù ò wúlò, ẹ rán an létí èyí.

Síbẹ̀, bí lámèyítọ́, mo ní ẹjọ́ méjì láti rò mọ́ àwọn tó borí.

Èkíní, wọn ò gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ alátakò wọn tán. Nínú òfin Microsoft yẹn, ètò kan wà tí ó fi jẹ́ pé ìwọ àti àwọn ará ilé rẹ, títí dé èèyàn mẹ́wàá, lè jọ máa gbá àwọn géèmù tí ẹnì kan ṣoṣo rà, níbikíbi tí wọ́n bá wà. Ètò yìí bá òfin yòókù lọ nígbà tí wọ́n kó o sẹ́yìn. Bóyá ì bá dára, bóyá kò ní dára. Ṣùgbọ́n ìyẹn gan-an ni iyàn gidi ì bá gbé yẹ̀ wò: kí la fẹ́ fi sílẹ̀, kí la ó sì gbà dípò rẹ̀? Kò sẹ́ni tó béèrè. Nígbà tí òǹwòran bá ti ń pàtẹ́wọ́, òṣèré kì í padà sórí ẹsẹ tó fò.

Èkejì ló dùn mí jù. Wọ́n sọ Sony di mọ̀lẹ́bí. Ilé-iṣẹ́ kì í ṣe ọmọ ìyá ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ yẹn, ire ọjà tiẹ̀ àti ire tiwa pàdé lójú ọ̀nà kan náà ni. Ní 2020, Sony gbé PS5 jáde ní oríṣi méjì, ọ̀kan ò ní ojú tí síìdì ń gbà wọlé, ó sì fi dọ́là 100 dín sí èkejì. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, PS5 Pro jáde ní dọ́là 699, kò sí ojú síìdì lára rẹ̀ rárá. Bí o bá fẹ́ ẹ, o lọ ra á lọ́tọ̀. Ẹni tó na páálí sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní 2013 ti dẹni tó ń ta ojú síìdì lọ́tọ̀. Mo wá iyàn tó gbóná bíi ti ọjọ́ yẹn, mi ò rí i. Àwọn èèyàn rojọ́ owó, lóòótọ́. Àwọn tó pọ̀ jù ń fi àwòrán méjì wé ara wọn, pé ṣé ewéko inú èyí ò dán ju tìyẹn lọ.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024 kan náà, Sony ní kí àwọn tó ń gbá Helldivers 2 lórí kọ̀ǹpútà lọ forúkọ sílẹ̀ ní PlayStation Network dandan. Wọ́n sì yọ géèmù náà kúrò lórí àtẹ ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 170, nítorí pé PlayStation Network ò dé ibẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ariwo àwọn tó ń gbá a mú kí Sony yí ọ̀rọ̀ ìforúkọsílẹ̀ náà padà. Ẹ rí i pé àkọsílẹ̀ orílẹ̀-èdè 21 yẹn ò tíì kú. Ó kàn yí aṣọ padà ni.

Nintendo ńkọ́? Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2025 ni Switch 2 jáde, dọ́là 449.99 ní Amẹ́ríkà. Géèmù Mario Kart World tó bá a jáde, dọ́là 79.99. Wọ́n jiyàn lórí owó yìí títí, Nintendo sì ta ju mílíọ̀nù 3.5 láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Èyí tó yẹ kó gba iyàn jù ni káàdì géèmù tí wọ́n tún gbé dé pẹ̀lú rẹ̀: o ra káàdì, ó wà nínú páálí rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n géèmù ò sí nínú rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ló wà níbẹ̀. Géèmù fúnra rẹ̀, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wàá ti fà á wá. Lójú tèmi, ó sàn ju òfo lọ, nítorí pé o lè yá ọ̀rẹ́ ní káàdì náà, o sì lè tà á. Àmọ́ ẹni tó bá rà á ní tòkúnbọ̀ ní ogún ọdún sí i, lọ́jọ́ tí Nintendo bá ti pa ibi tí à ń fà á sí, kọ́kọ́rọ́ ilé tí wọ́n ti wó ló rà. Kí ẹ má sì rò pé kò sí ọ̀nà mìíràn: àwọn tó ṣe Cyberpunk 2077 kó gbogbo géèmù tiwọn sínú káàdì, bó ti tóbi tó.

Èmi náà mọ̀ pé síìdì nìkan ò lè gbà wá. Ẹni tó ra The Crew ti Ubisoft ní 2014, síìdì rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 2024, wọ́n pa kọ̀ǹpútà tí géèmù náà ń bá sọ̀rọ̀, síìdì yẹn sì di dígí. Látorí ìyẹn ni Ross Scott fi dá ìpolongo Stop Killing Games sílẹ̀, èyí tó ti gba ìbuwọ́lù tó lé ní mílíọ̀nù kan nílẹ̀ Yúróòpù lóṣù keje ọdún 2025. Ní California, òfin kan wà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025 tó ní ẹni tó ń ta irú ọjà bẹ́ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ò gbọdọ̀ kàn kọ "rà" sára bọ́tìnnì rẹ̀ láìsọ fún oníbàárà pé àyè la fún un, kì í ṣe ohun-ìní. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀-ìṣe yẹn ti dé ilé aṣòfin. Ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ géèmù ni kò tíì padà dé.

Ọ̀rọ̀ náà sì ti kan ohun tí ilé géèmù fi ń jẹun. Winning Eleven tí mo ń sọ, tó di PES fún gbogbo wa, Konami pa orúkọ náà rẹ́ ní 2021, wọ́n sọ ọ́ di eFootball. Ọ̀fẹ́ ni, kò ní síìdì. Fà á wá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó o máa gbá a lọ. Ọjọ́ tó jáde, ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án, iyàn gba ìlú kan. Mo wà níbi tí wọ́n ti ń jà á. Ohun tí gbogbo wọn ń wí ni pé ojú àwọn agbábọ́ọ̀lù burú, pé Messi ò jọ Messi, pé irun Ronaldo dà bí irun bèbí. Òótọ́ ni, ojú wọn burú. Konami tọrọ àforíjì, wọ́n tún ojú náà ṣe. Ẹni kan ṣoṣo ò béèrè pé síìdì dà.

Nílé géèmù tí mo ń lọ báyìí, lórí PS4, PES 2020 ni wọ́n ṣì máa ń gbá. Síìdì rẹ̀ ti họ, ọ̀gá ibẹ̀ máa ń fi etí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nù ún kó tó tì í bọ inú ẹ̀rọ. Mo bi í pé, "Ọ̀gá, tó bá bàjẹ́ ńkọ́, níbo lẹ ti máa rí òmíì?" Ó ní òun ti ra ẹyọ kan pa mọ́ sínú àpótí. Mo ní kí wọ́n yá mi kí n lọ gbá a nílé lópin ọ̀sẹ̀. Ó wò mí, ó ní kí n sanwó bọ́ọ̀lù tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá tán.